Iyùn Tí Ajarat Gbà Lọ́rùn Ìyàwó

Ní Ìkòsí, ẹ ṣáà dárúkọ Ajarat onílẹ̀kẹ̀, ẹnì kan á ti dá yín lóhùn: "Ṣé èyí tó lọ bọ́ iyùn lọ́rùn ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ ìdána, torí pé wọn ò tíì san owó rẹ̀ tán?" Wọ́n ti sọ ọ́ títí, ó ti hu ìyẹ́. Àwọn kan ní ńṣe ló já a gbà. Àwọn kan ní ìyàwó sunkún débi pé tìróò ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà ní Mile 12, tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé ìyàwó rárá, ní ojú àwọn báyìí ló ṣe.

Irọ́ ni. Lóòótọ́, ó gba iyùn. Lóòótọ́, owó ṣì kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀rù ni.

Ajarat yìí, tàtàṣé ni òun àti ìyá rẹ̀ ń tà ní Mile 12 tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ kì í gba ata. Ọwọ́ rẹ̀ á máa bó, á máa ta á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó bí Rahmon, àkọ́bí rẹ̀, tí kò lè fi ọwọ́ ata kan ojú ọmọ, ló gba àdúgbò Anthony lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe o, ẹ má tan ara yín. Á to ìlẹ̀kẹ̀ sórí tówẹ̀lì funfun, á wò ó, á tú u ká, á tún un tò, títí á fi rí i pé wọ́n bára mu. Àníyàn nìkan ló pọ̀ lára rẹ̀ jù. Bó bá sín ìlẹ̀kẹ̀ tán, á fà á, á tún un fà, á ní kí oníbàárà náà bá òun fà á. Mùkáílà ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé màlúù lo fẹ́ fi so ni?"

Lọ́dún 2004, Mummy Wùmí, ará Abẹ́òkúta kan tó ń gbé ní Ṣángísà, gbé iyùn wá fún un. Iyùn gidi ni, ìyá tó bí i ló fi sílẹ̀ fún un. Wùmí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdána fún lọ́jọ́ Sátidé, okùn òwú tó wà nínú iyùn náà sì ti rà. Ajarat gbà á. Àfi bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tó rí i pé láìnì ti tán nínú àpótí òun. Láìnì ni okùn ọ̀rá táwọn apẹja ń lò, òun náà làwọn onílẹ̀kẹ̀ ń lò. Èyí tó fi kọ́ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù káwọn èèyàn lè rí i pé ó ń tà á ló bá fà lò. Láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni oòrùn ti ń pa á níbẹ̀. Ó ń dán bíi tuntun. Ta ló mọ̀ pé oòrùn ń jẹ ọ̀rá?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àǹtí Jọkẹ́, àbúrò bàbá Wùmí, ló wá gbà á. Ọkadà ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì.

"Ìyá Rahmon, ẹ bá mi wé e jàre, mi ò lè dúró."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fà á wò, mà."

"Ẹ fa kí ni? Iyùn ìyá àgbà lẹ fẹ́ fà? Ẹ gbé e wá! Ẹ máa gba baláǹsì yín lẹ́yìn ìnáwó."

Ajarat gbé e fún un. Kò fà á.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó jókòó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó na láìnì yẹn kó lè wọ̀n ọ́n. Ó kán. Kò tiẹ̀ nà rárá, ńṣe ló kán bí igi ìgbálẹ̀. Ó na òmíràn, ìyẹn náà kán. Òun kan náà ló wà nínú iyùn Wùmí. Ó pe fóònù Mummy Wùmí, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ta ló ń gbé fóònù láàárọ̀ ọjọ́ ìdána ọmọ rẹ̀?

Mùkáílà ní, "Bóyá kò ní já."

"Bó bá já ńkọ́?"

Mùkáílà náà mọ̀. Bí iyùn bá fọ́n ká níwájú àwọn àna, kò sẹ́ni tó máa béèrè irú okùn tí wọ́n fi sín in. Ojú ìyàwó ni wọ́n máa wò. Wọ́n á ní ó lóhun tó fa irú ẹ̀. Bí oyún bá pẹ́ díẹ̀, iyùn yẹn ni. Bí ọmọ bá ń ṣòjòjò, iyùn yẹn náà ni.

Ajarat sáré dé ọ̀dọ̀ Ṣùkúrù tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ fáwọn apẹja Àgbóyì, ó ra láìnì tuntun, kò dúró gba ṣéńjì. Ó gun ọkadà, ó di Ṣángísà. Lójú ọ̀nà, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Bó bá ní láìnì òun ò dáa, iṣẹ́ òun ti parí nìyẹn. Bó bá ní iyùn fẹ́ já, ta ló ń la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀? Bó bá sì wá já lóòótọ́, wọ́n á ní ẹnu òun ló já a.

Nígbà tó débẹ̀, Wùmí ti wọ aṣọ, iyùn ti wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn obìnrin kún yàrá.

"Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba iyùn yẹn díẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe."

Àǹtí Jọkẹ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wo nǹkan! Torí baláǹsì! Kò tiẹ̀ lè jẹ́ ká jẹun tán." Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó ju owó sí i láyà. "Ẹ gbà, ẹ lọ ra ata sebẹ̀."

Owó bọ́ sílẹ̀, Ajarat ò wò ó. Ọrùn Wùmí nìkan ló ń wò. Ìyàwó yíjú kó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Wùmí, má yí ọrùn!" Igbe yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan pòṣé. Wùmí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Mummy, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n," ló sọ. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á." Ó tẹ orí ba fúnra rẹ̀.

Mummy Wùmí tẹ̀ lé Ajarat wọ yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. "Ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ jókòó sí."

Ajarat ò tíì mú sísọ́ọ̀sì. Bó ṣe gbé iyùn lé itan báyìí, okùn já fúnra rẹ̀. Iyùn ṣàn sílẹ̀, àwọn kan yí wọ abẹ́ àpò ìrẹsì.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mummy Wùmí gbé ọwọ́ lé ẹnu. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ pẹ̀lú léèsì tuntun, ó ń wá iyùn lábẹ́ àpò.

"Ìyá Rahmon, ẹ sín in," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sín in."

Mọ́tò àwọn àna ti ń fun fèrè lóde. Ajarat ń sín in, ẹnu láìnì ń ṣi ojú iyùn. Àǹtí Jọkẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn: "Ṣé owó yẹn ò tíì tó yín ni?" Nígbà tó sín in tán, Ajarat fà á. Mummy Wùmí gbá apá kejì mú, òun náà fà á. Àwọn méjèèjì ń fa iyùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé. Ó dúró.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé iyùn ọmọ mi já lónìí."

"Kí ni kí n wá sọ, mà?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Bó ṣe wà nìyẹn. Àwọn ìyàwó tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún Ajarat gba ibòmíràn lọ, wọ́n ní ẹni tí kò lè mú sùúrù fún owó ni. Ó gbé e mì. Ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé tà. Ìgbà tí Wùmí bímọ kejì lòun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iyùn òun já lọ́jọ́ náà, tó ń fi rẹ́rìn-ín; ìyá rẹ̀ náà ò kà á sí àṣírí mọ́. Ajarat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó ti fi láìnì yẹn sín lọ́sẹ̀ náà ló wá kiri ilé dé ilé, ó tún wọn sín lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ku ẹyọ kan. Obìnrin kan ló rà á nígbà tó ń kọjá lọ wọkọ̀ ní Mile 12, Ajarat ò bi í lórúkọ. Títí dòní, bó bá ń rìn ní Kétu, ọrùn àwọn obìnrin ló ń wò, débi pé wọ́n ń pòṣé sí i.

Lọ́jọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo dìde pé mò ń lọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó di apá mi mú.

"Ìlẹ̀kẹ̀ tó kù yẹn, aláwọ̀ omi aró ni o, góòlù wà láàárín rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ẹ má fà á. Ẹ ṣáà ní kó rọra bọ́ ọ, kó máa gbé e bọ̀."