Ọjọ́ tí Ọmọ Ọkọ Mi Ń Wá Awọ Ìyá Rẹ̀

Òórùn ẹ̀pà sísun ló kún pálọ̀ wa ní Ìwó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Òjò kò jẹ́ kí ọmọ ọkọ mi lọ sí ilé kéwú, ni mo bá gbé fíìmù àwọn ọmọdé kan sí i. Ìtàn àwọn ará Áyálándì ni: ẹran òkun kan bọ́ awọ rẹ̀, ó di obìnrin, ọkùnrin kan sì gbé awọ náà pamọ́, ó fi í ṣaya. Ọjọ́ tí obìnrin náà rí awọ rẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó padà sómi, ó fi ọmọ sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí wọ́n pa àlọ́ àgbọ̀nrín tó di arẹwà fún.

Àfi bí ọmọ yìí ṣe dìde kí fíìmù tó parí, tó wọ yàrá bàbá rẹ̀, tó ń tú àpótí.

"Kí lò ń wá?"

"Awọ màmá mi ni, Àǹtí. Tó bá ṣì wà níbí, a jẹ́ pé wọn ò tíì wọ inú omi."

Ilé-Ogbó níbí ni ìyá rẹ̀ wà láti ìgbà tí òun àti ọkọ mi ti kọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀. Èmi náà kò tíì pẹ́ nílé, n kò sì tíì bímọ. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ mi ni. Bó bá rí ìyá rẹ̀, kí ni màá jẹ́ fún un? Mo jókòó, mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà.

Nígbà tí ọkọ mi ti oko dé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mú un lọ rí ìyá rẹ̀."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ wo yàrá yín. Ìyá rẹ̀ ló ń wá níbẹ̀."

Ó wọlé, ó rí aṣọ nílẹ̀ káàkiri, ó rí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á jáde. Ó ní, "Ẹ tètè máa lọ kí òjò tó tún dé."

Nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ náà kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹ̀gúsí ni ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́ nígbà tó rí wa. Atẹ dà nù. Ọmọ náà kò sáré mọ́ ọn. Ó rọra fọwọ́ pa awọ apá ìyá rẹ̀, bí ẹni ń wo aṣọ lọ́jà, kó tó bú sẹ́kún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n wọlé tàbí kí n máa lọ. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ wá jókòó, ìyá rẹ̀."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń lo ọlidé báyìí. N kò ní purọ́ fún ẹ, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí tó fi máa dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo rò pé màá pàdánù lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni ìyá rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́.