Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Bàbá Job

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ fíìmù wíwò dùn, kó wá ṣe é wò. Iṣẹ́ Fọláyọ̀ nìyẹn, nílé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò lẹ́yìn àwọn fáktọ̀rì Ìkẹjà, lọ́dún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wo fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó lè mọ̀ bóyá àwòrán fọ́ tàbí ohùn ń gé; òun náà ló sì ń gé èyí tó bá gùn jù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, bí àwọn òṣèré yẹn bá ń sunkún, ó máa ń ṣe é bíi kó nawọ́ gbá wọn létí.

Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń mu gàrí, tí Bọ́dúndé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ béèrè pé, "Bí wọ́n bá ní fíìmù òṣèré kan ṣoṣo lẹ ó máa wò títí ẹ ó fi kú, ta lẹ máa mú?", Fọláyọ̀ ò fi ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn yòókù ń dárúkọ àwọn ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa mọ́tò ńlá. Òun ní, "Bàbá Job."

Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú Bọ́dúndé jáde. "Bàbá Job! Ẹni tí kì í lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí wọ́n tó ní kó máa lọ?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń dárúkọ yẹn, tí mo bá ti wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo ti rí wọn tán. Bàbá yìí, mo ti wo eré wọn tó ìgbà ogún, mi ò tíì rí wọn tán."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá Job kì í pariwo. Bí wọ́n bá fẹ́ túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un nínú eré, á kọ́kọ́ ṣí fìlà, á fi lé orúnkún, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Èkìtì ponbele ló ń sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé bàbá Fọláyọ̀ ní Ìkọ̀lé. Ní Èkó yìí tí wọ́n ti ń fi ará òkè ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá yẹn ò jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ìgbà tó yá ni Shuaib gbé fíìmù tuntun dé. Shuaib ni máàkẹ́tà tó ń gba fíìmù lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, tó ń tà á káàkiri Agége. Fọláyọ̀ wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ kan di ọ̀gá ní Aláúsá. Bàbá rẹ̀, ìyẹn Bàbá Job, ru iṣu láti Èkìtì wá kí i. Ọmọ wò ó lójú fèrèsé, ó ní kí ọlọ́dẹ lé e, òun ò mọ̀ ọ́n rí. Bàbá kò bú u. Ó tún iṣu rẹ̀ dì, ó kí ọlọ́dẹ kú iṣẹ́, ó padà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni.

Shuaib ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni fíìmù yìí fi gùn ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Gé bàbá arúgbó yẹn kúrò."

"Kí n gé kí ni?"

"Ta ló fẹ́ wo arúgbó? Gé e jàre!"

Fọláyọ̀ nàka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ọ̀gá Shuaib, níbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ wọ agbádá, ẹ ń kí àwọn oníbàárà yín, ẹ ń polówó fíìmù mẹ́ta mìíràn. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹ jẹ́ á gé ìyẹn."

"Èmi lo ní kí wọ́n gé? Èmi?"

Ariwo náà ló pe Alàgbà Reuben tó ni ilé iṣẹ́ jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ ni o! Àgbà tiwọn dé, ó tún ti orí náà wọ́ sí i. Alàgbà Aládùúrà tó máa ń wàásù bíbọ̀wọ̀ fún òbí fún wọn ní àdúrà àárọ̀, òun náà ló lanu pé, "Fọláyọ̀, oníbàárà wa ni wọ́n. Gé e."

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá gé e, ọmọ burúkú yẹn á di ọmọ gidi."

"Ṣé ìwọ lo kọ ìtàn ni? Gé e, tàbí kó o dìde níbẹ̀, kó o máa lọ sílé."

Ẹ jọ̀wọ́, Fọláyọ̀ ò lówó o. Yàrá kan ló ń gbé ní Agége, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì, Bùsáyọ̀ àti àbúrò rẹ̀, ló ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń dúró de òun níta. Síbẹ̀ ó ní, "Ọwọ́ tèmi kọ́ lẹ máa fi ṣe é. Bàbá tí ọmọ wọn lé lẹ́nu géètì, ẹ tún fẹ́ kí n lé wọn nínú fíìmù? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó dìde. Bọ́dúndé jókòó sórí àga náà, ó tẹ bọ́tìnnì, kò tiẹ̀ lè wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Fọláyọ̀ ṣì ń wá iṣẹ́ kiri. Àbẹ̀kẹ́, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbélé, pè é pẹ̀lú àwọn ará ilé wá wo fíìmù tuntun. Bó ṣe rí Shuaib nínú agbádá níbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì, ó ti mọ fíìmù tó jẹ́. Ì bá dìde kó máa lọ, ó jókòó. Ibi tó yẹ kí bàbá ti dé, ọmọ ń jẹun. Kò pẹ́, ọmọ ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dúpẹ́ pé wọ́n gbé òun ga lẹ́nu iṣẹ́, pásítọ̀ ń rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Gbogbo yàrá ń ṣàmín. Àbẹ̀kẹ́ fọwọ́ pa ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lórí, ó ní, "Olúwakóredé, irú ọmọ tí wàá jẹ́ fún mi nìyẹn lórúkọ Jésù."

Ìbínú gbé Fọláyọ̀ nílẹ̀. "Ẹ yéé ṣàmín! Ó lé bàbá rẹ̀! Bàbá tó ru iṣu láti Èkìtì wá, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n rí!"

Gbogbo ojú yí sí i. Àánú rẹ̀ ṣe Àbẹ̀kẹ́. Ó rò pé iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ń dà á lórí rú.

"Ìyá Bùsáyọ̀, ẹ rọra jókòó," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá wo?"