Omi Tí Mo Rù Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá mi kú nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì sunkún. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú, mi ò sunkún nígbà tí wọ́n ń pín aṣọ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ṣe ọkàn akin. Inú mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àbúrò ìyá mi ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, bí ẹni pé etí mi náà ti di. "Ọmọ yìí ò tíì sunkún o. Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí họ́lídè gígùn dé, bàbá mi ní kí n lọ kọ́ máìmù ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀mù-Àrán. Eré tí wọ́n ń fi ara sọ, tí ẹnu á dákẹ́, ni máìmù. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn rẹ̀ lóde òní: wọ́n á kun ojú ní ọ̀dà funfun, wọ́n á wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n gbà láti lọ. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mo ti ṣe àmín títí, ó ti sú mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kàwé ní Òrò ló ń kọ́ wa. Fún ẹni tó ń kọ́ni ní dídákẹ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù. Òfin rẹ̀ ni pé tí a bá ti wọ gbọ̀ngàn, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ àfi tirẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, bàbá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ẹ káàárọ̀. Bàbá gbaná jẹ. "Ṣé odi ni wọ́n kó jọ síbí ni?" Olùkọ́ wa ló sáré lọ bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni wọ́n fi ṣe ọmọbìnrin tó lọ pọn omi, tí gbogbo ayé kọ̀ láti bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ wa kọ́kọ́ gbé korobá tó kún fún omi gidi rù mí, ó ní kí n rìn yípo gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà ó gbé e kúrò, ó ní kí n máa rìn lọ bẹ́ẹ̀, kí ọrùn mi má gbàgbé. Ọrùn mi ò gbàgbé. Ó yìn mí títí. Ó ní ojú mi dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò sọ nǹkan kan. Inú mi ò dùn, inú mi ò sì bàjẹ́.

Ibi tó ti yẹ kí n sunkún ni mo ti ń bà á jẹ́. Mo bo ojú, mo mi èjìká.

"Ṣé ẹ̀rín lò ń rín ni?" ó bi mí.

Mo mi orí. Ó ní tó bá di ọjọ́ eré, ẹkún á wá. Èmi mọ̀ pé kò ní í wá, àwọn àbúrò ìyá mi á sì wà níbẹ̀ láti rí i pé kò wá.

Lọ́jọ́ eré, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo gbé omi mi wọlé. Àwọn yòókù kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe kọ́ ọ. Mo dúró láàárín, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ó tó àsìkò kí n sunkún. Omijé kankan ò sí.

Ìyá àgbàlagbà kan tó wá kí ènìyàn láti Àrán-Ọ̀rin dìde níwájú. "Ẹ ò rí i bó ṣe dúró ni?" Ó tún ìró rẹ̀ so, ó gun pèpéle wá bá mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè síbi tí etí korobá yẹ kó wà. "Ó yá, rọra. Gbé e sí mi."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ni ò ríran dáadáa, àbí kò kàn lè jókòó kó máa wò mí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. A jọ bẹ̀rẹ̀, a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó má baà dà nù. Ó mí kanlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọrùn mi.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó mà pẹ́ lórí ẹ o."

"Ẹ ṣé, mà," mo wí, sókè ketekete, láàárín eré tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wa gbá orí mú.

Ìgbà yẹn ni ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Lẹ́yìn ọrùn, àyà. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo di ìró ìyá yẹn mú, mo sì sunkún débi tí ọ̀dà funfun fi kun aṣọ rẹ̀. Ìyá mi ti kú. Ó dùn mí.