Bàtà Páálí Tí Mo Gbé Lọ Bá Àlájà

Mo rántí òórùn ẹ̀kọ gbígbóná tí ó máa ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ṣàngó, ní Ìlọrin, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Olùkọ́ obìnrin tí ó gba iyàrá ìkangun ni ó máa ń se é, á sì fi ṣe gọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé. Ọmọ bíi mẹ́jọ á jókòó yí i ká lórí ẹní níwájú iyàrá rẹ̀, wọn á máa fi ẹ̀kọ lẹ páálí mọ́ páálí, wọn á máa sín ìdérí ìgò sórí okùn, wọn á máa fi agolo ṣe ọkọ̀. Àǹtí Páálí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá kọjá á rò pé ohun tó dára ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé mo gbọ́n ju gbogbo ilé lọ. Ara máa ń fu mí sí ohunkóhun tí wọ́n bá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ó kọ́kọ́ fu mí lára nípa rẹ̀ náà nìyẹn, pé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Obìnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá láti ìlú mìíràn, tí kò mọ ẹnì kankan nínú wa, ó lọ ra àlùmọ́gàjí kéékèèké tí ẹnu wọn kò mú ní òpópónà Táíwò, ó ń fi Sátidé rẹ̀ jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni ó ń wá? N kò rí i kí ó kírun rí, n kò sì rí i kí ó gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà n kò mọ ibi tí mo lè tò ó sí. Bí mo bá kí i, á dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, á béèrè àlàáfíà ọkọ mi àti ti àwọn ará ilé wa. Ìyẹn náà tún fu mí lára.

Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n mú ohun tí ilé kò lò mọ́ wá. Agolo mílíìkì mi lọ. Ẹsẹ̀ kan nínú ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi lọ. Bọ́tìnnì mẹ́ta tí mo tọ́jú sínú ife náà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìbọ̀sẹ̀ padà wálé, wọ́n ti rán bọ́tìnnì méjì mọ́ ọn lójú, ó ti di ọmọlangidi tí ọmọ mi ń ki ọwọ́ bọ̀, tí ó ń fi sọ̀rọ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ń wá bọ́tìnnì kẹta. Mo bi ọmọ mi, ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, ó ní ìyẹn ni imú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, imú náà ni lóòótọ́. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀.

Ni mo bá sọ ọjọ́ Sátidé di ọjọ́ ìfọṣọ, kí n lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga kí n máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ń wò ó bóyá ó ń gé nínú irun wọn, bóyá ó ń tọ́jú èékánná, bóyá ó ń sọ nǹkan sí wọn létí. Aṣọ tó mọ́ ni mo tún ń fọ̀ nígbà mìíràn. Gbogbo ohun tí mo rí kò ju obìnrin kan lọ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ṣẹ́ ìwé ìròyìn kí ó di fìlà, àti bí a ṣe ń na ọ̀rá píọ́ wọ́tà sórí ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì kí atẹ́gùn lè gbé e fò. Bí n kò ṣe rí nǹkan kan yẹn, mo gbà pé ó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi nǹkan pamọ́ ni.

Sátidé kan, ọmọ mi wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Páálí ni wọ́n gé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì fi àjákù àǹkárá ṣe okùn rẹ̀. Ó ń yan káàkiri iyàrá bí ìyàwó àlùfáà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àga kí n lè rí i dáadáa, ni mo bá rí abẹ́ bàtà náà. Ìwé Lárúbáwá ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó kún láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìlọrin lè má mọ bí ìyẹn ti tó. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí a bá rí ègé ìwé tí wọ́n kọ kéú sí nílẹ̀, a ó ṣà á, a ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, a ó sì gbé e sí ibi gíga. Ẹnì kan kì í béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ ọmọ, mo gbé e lọ sídìí fèrèsé láti kà á. Mo lè kéú. Mo ti ka Kùránì tán kí n tó wọ ilé ọkọ, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún mi, gbogbo àdúgbò ni ó sì gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé lẹ́tà ni mo mọ̀, n kò gbọ́ èdè náà. Lẹ́tà abẹ́ bàtà yìí kò tilẹ̀ ní àmì lórí bíi ti inú Kùránì, ńṣe ni mo kàn ń méfò. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ níbẹ̀: nári. Iná. Àfáà tí ó kọ́ wa ní kéú ti fi ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà wá láti kékeré. Ìyẹn nìkan ti tó mi.

N kò bi ọmọ mi ní ìbéèrè kan. N kò kan ilẹ̀kùn olùkọ́ náà. Mo fi aṣọ funfun wé bàtà páálí méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ Àlájà onílé.

“Àsítàgàfúrúláì!” ni Àlájà ké. “Ìyàwó, ṣé ó dá ọ lójú?”

“Mo fẹnu ara mi kà á, Àlájà. Iná Jàhánámà ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi ni Àǹtí Páálí lẹ̀ ẹ́ mọ́.”

“Nínú ilé tèmi? Á kó ẹrù ẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí, wàláhì!”

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ilé ti gbọ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn dìde lórí ẹní. Àlájà ní kí a ṣe sùúrù kí Àfáà mọ́ṣáláṣí ìkóríta wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn ìrun alásárì, Àfáà dé, wọ́n sì pe olùkọ́ náà jáde sí àárín ilé. Ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ ọn níka. Ó ń wo ojú wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àlájà, mi ò lè ka Lárúbáwá,” ni ó wí. “Ohun tí àwọn ọmọ bá mú wá la fi ń ṣiṣẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé e.”

Bí wọ́n bá lé e jáde lórí ọ̀rọ̀ Kùránì, ta ni ó tún máa fún un ní iyàrá ní Ìlọrin? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ.

Àfáà wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka bàtà ọ̀tún, ó ka ti òsì, kò sì kánjú rárá. Ó wá gbé ojú sókè.

“Ta ló ní òun kà á?”

“Èmi ni, Àfáà.”

“Ó dáa. Wọ́n ní búláńkẹ́ẹ̀tì yìí, omi tútù ni kí a máa fi fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí a má lọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí a má sì gbé e sún mọ́ iná.”

Ọmọ mi ni ó sọ̀rọ̀, ó fara pamọ́ sẹ́yìn mi.

“Èmi ni mo mú un lọ, Màámi. Inú àpò búláńkẹ́ẹ̀tì tí Àlájà kó bọ̀ fún wa láti Mẹ́kà ló wà. Ẹ ò bi mí.”

Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó sí i. Àfáà bẹ olùkọ́ náà fúnra rẹ̀, Àlájà bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ó fi ilé ṣe ilé, ẹnikẹ́ni kò ní lé e. Wọ́n ní kí èmi náà bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó má bínú, mo ń wo ilẹ̀. Ó ní kò séwu. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, mo ṣì ń rò ó nínú ọkàn mi pé kí ló dé tí obìnrin yìí kò bínú.

Sátidé tí ó tẹ̀lé e, n kò gbọ́ òórùn ẹ̀kọ. Àwọn ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà iyàrá ìkangun títí, ilẹ̀kùn kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Sátidé kejì. Ọmọ mi kò bá mi jà, ó kàn ń gé ìwé fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kò sì fi èyí tí ó bá ṣe hàn mí mọ́. Ìyẹn ni ó dùn mí jù. Ní Sátidé kẹta, mo mú páálí bisikíìtì kan tí ó mọ́ tónítóní, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn náà.

Ó ṣí i díẹ̀. “Àǹtí,” ni mo wí, “páálí rèé fún àwọn ọmọ.”

Ó gbà á. Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú, ó ṣí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ń wá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wá wò mí lójú, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé ojú rẹ̀ kúrò.

“Ẹ kọ́kọ́ bá mi kà á, Màmá,” ni ó wí, ó dá páálí padà fún mi. “Kí ọmọ yín gbọ́ ọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Mo kà á. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, iyọ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níṣojú ọmọ mi, bí ọmọ ilé kéú níwájú Àfáà. Ìgbà tí mo kà á tán ni ó tó ṣí ilẹ̀kùn gbàyàù.

Ó bá wa gbé fún ọdún méjì sí i kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ọmọ mi ti wà ní yunifásítì báyìí, èmi náà sì ti ń lọ kọ́ ìtumọ̀ ohun tí mo ń kà láti kékeré, lọ́dọ̀ àwọn ìyá mìíràn ní mọ́ṣáláṣí ìkóríta. Mo máa ń rántí ojú tí obìnrin yẹn fi wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Odindi oṣù mẹ́rin ni ara fi ń fu mí sí i, n kò sì rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan péré ni ara fi fu òun sí mi, ó sì jàre.