Àrọ̀ tí ó jẹ ìyẹ́ adìyẹ

Mo fẹ́ràn ìtọpinpin ju bó ti yẹ lọ. Ìyá mi máa ń ní ojú mi ni yóò kó bá mi. Ní ọyẹ́ ọdún tí ìjọba alágbádá gorí oyè, ó kó bá mi lóòótọ́, mi ò sì tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní Ọ̀wọ̀. Òyìnbó kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ onírùngbọ̀n pupa. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń pẹja. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa fi òwú we ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi dà bíi kòkòrò. Kò lo ekòló rárá. Mo bi í bóyá ẹja ìlú wọn ò gbọ́n ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà òtútù, ẹja ńlá kan máa ń ti inú òkun gòkè odò lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn sì lè fi ọjọ́ mẹ́ta dúró nínú omi tútù nini kó tó rí ẹyọ kan. Bó bá wá rí i, yóò tú u sílẹ̀.

"Kó lè ṣe kí ni?"

"Kó lè máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Kí èèyàn jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, kó wá ní kí ẹja máa lọ! Àfi kí n fojú ara mi rí i.

Mo bá a wá ẹni tí yóò mú wa lọ sódò. Apẹja àgbà kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Elegbeka, tó mọ odò Ọ̀sẹ̀ bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. A gbé ọkọ̀ ìjàpá òyìnbó lọ bá a ní Sátidé kan. Ọyẹ́ ti mú kí omi fà, ó mọ́ gaara, àpáta yọrí káàkiri. Bàbá wo ìwọ̀ oníìyẹ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò gba owó wa. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin ni. Méjì ti kú ṣáájú rẹ̀. Nílé tiwọn, ààyè àrọ̀ inú Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń wúre fún ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọn kì í lo ẹja ọjà. Láti ìgbà tí omi ti fà, ìgèrè rẹ̀ ò sì mú ju ẹja wẹ́wẹ́ lọ.

"Tíṣà, bí ìwọ̀ yìí bá gbé àrọ̀, ti ulé mi ni. Sọ fún un."

Òyìnbó ò gbọ́ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ nínú èdè wa. Mo yíjú sí i. Mo sọ fún un pé bàbá ní kó káàbọ̀.

Bàbá mú wa dé ibú kan lábẹ́ igi ńlá, ó ní kí òyìnbó má jẹ́ kí òjìji rẹ̀ bọ́ sójú omi. Òyìnbó wọ omi dé ìbàdí, ó ń ju okùn síwá sẹ́yìn lójú òfuurufú, bàbá sì lanu sílẹ̀ ó ń wò ó. Ó pẹ́ títí. Oòrùn ti yẹ̀ kí ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun. Àrọ̀ ni! Ó gùn ju apá mi lọ.

"Ẹja ọmọ mi dé o!" ni bàbá ké, ó gbé agbọ̀n, ó sáré wọ odò.

Òyìnbó fà á wá sí etí omi, ó kúnlẹ̀. Ó rọra yọ ìwọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà dojú kọ ìṣàn omi, ó ń dúró kí ó mí. Mo ṣì lè pariwo kí ó dúró. Mi ò pariwo, mò ń wò ó. Ó ṣí ọwọ́, ẹja na ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó wọ ibú lọ. Mi ò ní purọ́, ó dùn ún wò.

Bàbá dúró nínú omi tòun ti agbọ̀n òfìfo.

"Tíṣà, ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un, Bàbá."

Ó wo òyìnbó títí. "Ó dáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tiwọn nìyẹn."

A ò rí ẹja kankan mọ́. Síbẹ̀ bàbá pè wá síbi ìsọmọlórúkọ, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe jókòó. Nínú igbá tó yẹ kí àrọ̀ wà, omi odò nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá gbé e sókè.

"Àlejò wa dá ẹja tiwa padà sínú ibú. Ẹja tó kan ìwọ̀, tó tún padà sílé, orí rẹ̀ ló yọ ọ́. Ọmọ yìí náà á padà lẹ́nu ikú. Àlejò, o ṣeun."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyá ọmọ ń sunkún. Òyìnbó tẹ̀ sí etí mi, ó ní kí ni bàbá ń sọ sí òun.

Mo ní bàbá ní kó káàbọ̀ ni.