Ọjọ́ tí Màmá Mi Bá Mi Jà Nínú Igbó Jọ́jíà

Òórùn ẹja díndín ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹja tí wọ́n ti fi ata àti iyọ̀ ra lára láti àná ni, òróró gbígbóná sì ń bá a wí. Gbogbo fèrèsé ilé wa ní Park Hill, ní Staten Island, ló ṣí sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ń ké nítorí èéfín má baà ké, torí pé tó bá ké, màmá ará Làìbéríà tí wọ́n ń gbé lókè orí wa á fi igi ìgbálẹ̀ gún ilẹ̀ yàrá wọn, àjà tiwa á sì máa mì. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Màmá mi dúró nídìí sítóòfù, wọ́n ró ìró mọ́ àyà, wọ́n ń din ẹja bí ẹni pé ibi tí à ń lọ kò ní oúnjẹ rárá. Òótọ́ ni, kò ní.

Igbó ni à ń lọ. Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ sikiọ́rítì ní ilé gíga kan ní Manhattan, ló gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan níbi iṣẹ́ pé ìjọba ní igbó ńlá kan ní Jọ́jíà, lọ́nà gúúsù, tí èèyàn lè wọ̀, kó pa àgọ́ síbi tó bá wù ú láìsan kọ́bọ̀. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí iná, kò sí ilé ìyàgbẹ́, kò sì sí ẹni tó máa wá bi ọ́ pé kí lo wá ṣe. Ohun tó yẹ kó lé èèyàn sá gan-an ló wu bàbá mi. Inú oko kòkó lẹ́bàá Oǹdó ni wọ́n dàgbà sí, ó sì ń dùn wọ́n pé èmi àti Táyọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ilẹ̀ mìíràn ju kọnkéré lọ. Wọ́n máa ń sọ pé, "Àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́." Táyọ̀ á ní ọ̀kẹ́rẹ́ mà kún páàkì lẹ́yìn ilé wa. Bàbá mi á bi í pé, "Ṣé o ti rí abuké nínú wọn?" Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Staten Island nígbà náà, ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Ẹ mọ àtẹ̀gùn tó ń ta sánsán epo pupa ní àjà kan, tó ń ta sánsán ọṣẹ ìfọṣọ ní àjà kejì. Ẹ mọ àwọn ìyá tó ń pàtẹ ata rodo àti ewé ọ̀dùnkún sórí tábìlì níwájú ilé, tí wọ́n máa ń kí wa tí a bá ti ilé ìwé dé, tí wọ́n sì máa ń rò fún àwọn òbí wa tí a kò bá kí wọn padà. Tí a bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tíṣà á ní ká sọ ibi tí a lọ. Àwọn kan á sọ̀rọ̀ òkun, àwọn kan á sọ̀rọ̀ òkè. Èmi kì í ní ju ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Manhattan, tí gbogbo kíláàsì jọ ń wọ̀. Nítorí náà inú mi dùn sí igbó yìí ju bí mo ṣe lè wí lọ.

Inú màmá mi kò dùn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń ṣe tọ̀sán-tòru pọ̀. Wọ́n ní ibùsùn ni àwọn fẹ́ fi ìsinmi rí. "Bàbá Táyọ̀, igbó tí a sá kúrò nínú ẹ̀ náà lẹ tún ń fowó epo wá kiri?" Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màmá mi rí i pé ọ̀rọ̀ kò ṣeé yí padà mọ́, wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa igbó múra sílẹ̀. Oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ìkìlọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kó ẹja sínú kúlà, wọ́n pe èmi àti Táyọ̀, wọ́n di etí wa mú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò fà á. "Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ yín nínú igbó, tí ẹ ò rí ojú ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ dáhùn. Ó lè dà bí ohùn dádì yín. Ó lè dà bí ohùn tèmi gan-an. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń pe èèyàn ló jẹ́ èèyàn. Ṣé ẹ gbọ́?" Wọ́n wá sọ fún wa nípa obìnrin kan ní abúlé ìyá wọn, tó dá ohùn kan lóhùn lóko, tó dé ilé tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Táyọ̀ wo òkè, ó ń ṣe bí ẹni tó ti dàgbà ju irú ìyẹn lọ. Èmi gbà á gbọ́ pátápátá. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni màmá mi o, inú kúáyà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ti ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tọ̀, ti igbó wà lọ́tọ̀.

A wakọ̀ títí ara fi ń ro wá, a sùn lójú ọ̀nà, a tún wakọ̀. Nígbà tí a kúrò lójú títì tí a bọ́ sójú ọ̀nà eléruku inú igbó, bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Wọ́n dúró lórí rẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Táyọ̀, wá wo ilẹ̀." Màmá mi ní àwọn ti rí i láti inú ọkọ̀. Igi gíga tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ló yí wa ká, àwọn abẹ́rẹ́ náà sì ti ṣubú bo ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ wa kì í dún tí a bá ń rìn. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò kékeré kan, tọkọtaya arúgbó òyìnbó kan ti pa àgọ́ tiwọn. Kí bàbá mi tó na àgọ́ wa tán ni màmá mi ti bu ẹja sínú abọ́, tí wọ́n ní kí Táyọ̀ gbé e lọ fún wọn, nítorí èèyàn kì í dé àdúgbò kó máa dá jẹun. Táyọ̀ padà wá pẹ̀lú bisikíìtì, ó ní ata ti mú kí bàbá arúgbó náà máa húkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni inú ń yọ mí lẹ́nu. Bàbá mi ti fi ṣọ́bìrì kékeré kan hàn wá: èèyàn á rìn jìnnà sí odò, á gbẹ́ ihò, á ṣe tirẹ̀, á bò ó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni Táyọ̀, tó ti ṣèlérí pé òun máa kọ orin sí i. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo rìn títí n kò fi gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, mo sì tún rìn díẹ̀ sí i nítorí ìtìjú. Nígbà tí mo ṣe tán tí mo yíjú padà, gbogbo igi jọ ara wọn. Mo gba ibì kan, kò jọ ibi tí mo gbà wá. Mo gba ibòmíràn, mo rí igi ńlá kan tó wó, tí mo mọ̀ dájú pé n kò rí tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé ṣọ́bìrì sórí itan.

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi. "Mojísọ́lá!" Mo ti fò dìde, mo ti la ẹnu, kí n tó rántí. N kò rí ojú wọn. Mo tún jókòó. Ohùn náà pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sún mọ́ mi, ó tún jìnnà. Ti Táyọ̀ tẹ̀ lé e, ó ń pè mí tẹ̀rù-tẹ̀rù, èyí tó tún mú mi fura, nítorí Táyọ̀ tí mo mọ̀ kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn jáde láti ọ̀nà odò, ohùn ọkùnrin tó nípọn, ó ń wọ́ orúkọ mi nílẹ̀ bí ẹni ń wọ́ àpò ìrẹsì: "Mooo-jiii-sooo-laaa!" Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé, òun nìyí, òun gan-an tí Mọ́mì sọ nìyí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Oòrùn ti ń wọ igbó lọ, àárín àwọn igi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbọ́ràn sí màmá mi lẹ́nu pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Táyọ̀ ló sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Bàbá mi ti sáré lọ bá tọkọtaya arúgbó náà, wọ́n ti kọ́ wọn ní orúkọ mi, gbogbo wọn ti tú ká. Fóònù kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohùn bàbá mi ti há. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wakọ̀ lọ wá àwọn òṣìṣẹ́ igbó kí ilẹ̀ tó ṣú, màmá mi sì káwọ́ lérí lójijì, wọ́n jókòó sílẹ̀. "Kò ní dáhùn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yéé pè é. Èmi ni mo ní kó má dáhùn." Ni màmá mi bá dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ mi mọ́, wọ́n wọ inú igbó lọ.

Ohun tí mo gbọ́ níbi tí mo wà ni ìjà.

"Tówẹ́ẹ̀lì tútù lórí bẹ́ẹ̀dì mi! Every day! Ṣé èmi ni housegirl ilé yìí ni? Mo ti double shift dé, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo bá ìkòkò ìrẹsì nínú sink, omi wà nínú ẹ̀, ó ti ń rùn. Ta ló kàn láti fọ̀ ọ́? Kì í ṣe Táyọ̀ o, Táyọ̀ ló fọ ti àná! Tí mo bá sì ní kí wọ́n jókòó kí n dirun fún wọn, wọ́n á ní ọrùn ń dun àwọn. Ọrùn wo? Ọrùn tó ń wo TV láti àárọ̀ ò dùn wọ́n!"

Mo tẹ́tí. Ìjà náà ń bọ̀ láàárín àwọn igi, kò dá ẹnu dúró, kò sì dárúkọ mi. Iwin lè mọ orúkọ mi. Ó lè yá ohùn màmá mi lò. Ṣùgbọ́n níbo ni iwin Jọ́jíà ti fẹ́ mọ̀ nípa ìkòkò ìrẹsì wa ní Park Hill? Ẹ̀sùn náà sì dùn mí, torí pé irọ́ ni. Mo dìde, mo sì pariwo.

"Mọ́mì, mo ti fọ ìkòkò yẹn!"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn màmá mi nítòsí gan-an: "O ò fọ̀ ọ́ dáadáa." Wọ́n yọ láàárín igi méjì, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lù mí lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, pàá, wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé mi pọ̀n. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Mo gbé orí lé ẹ̀yìn wọn. Ara tù mí débi pé oorun fẹ́ gbé mi lọ lójú ọ̀nà.

Bàbá arúgbó òyìnbó náà ṣí fìlà nígbà tó rí wa. Bàbá mi fọwọ́ kan orí mi, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, wọ́n lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn tí a dáná, tí a jẹ ẹja, wọ́n ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Màmá mi ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́." A rẹ́rìn-ín títí Táyọ̀ fi ṣubú kúrò lórí kúlà. Kí a tó sùn, màmá mi so etí ìró wọn mọ́ ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Láti òní lọ, tí mo bá pè ẹ́, dáhùn. Tó bá jẹ́ iwin, èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀."

Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ ìtàn yìí láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo ti wá dàgbà ju bí màmá mi ṣe dàgbà lọ́jọ́ náà lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn nílé wọn ní Mariners Harbor, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ronú kan ọ̀rọ̀ ìkòkò. Wọ́n ní, "Ìrònú wo? Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú mi ń sunkún, ẹnu mi ń jà." N kò rí omijé kankan lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó yẹn gbọ́ ìbínú nìkan, ìbínú náà sì tó o. Ó gba màmá rẹ̀ gbọ́ débi pé ó lè jókòó nínú igbó títí ilẹ̀ á fi ṣú nítorí ọ̀rọ̀ wọn. Èmi àgbà yìí kò mọ ẹni tí mo tún lè gbọ́ràn sí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà òtútù tó kọjá, ọmọbìnrin mi kò dé láti ilé ìwé ní àkókò. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin tí kì í dé Mount Hope, àdúgbò tí à ń gbé báyìí, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Mo sáré lọ sí ibùdókọ̀ wa, mo ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tó yá, èrò tú jáde, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró síwájú àwòrán ọ̀nà tó wà lára ògiri, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀. Ọpẹ́ bò mí mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ pè. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Nínú òtútù yìí! Kóòtù ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ṣé èmi ni màá tún máa ra cough syrup ni?"

Gbogbo èrò ibùdókọ̀ ló yíjú wò mí. Kí ọmọ mi tó yí tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí sípù kóòtù rẹ̀.