Sadu Télọ̀ àti Kìlómítà Tó Kẹ́yìn

Ọdún méjìlélógójì ni Sadu Kharade ti fi ń tẹ maṣíìnì ìránṣọ ní Borgav, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló sì ń fi tẹ̀ ẹ́. Kò sí ọmọléèwé kan ní abúlé náà tí kò tíì wọ ṣòkòtò tó rán. Síbẹ̀, kì í ṣe aṣọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni kìlómítà kan ṣoṣo.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí ọdún ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ti Ìyá, òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń bọ, bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Borgav máa ń lọ sí ojúbọ ńlá tó wà lórí òkè, wọn á tan ògùṣọ̀ níbi fìtílà Ìyá, wọn á sì gbé e sáré wálé láìwọ bàtà. Kìlómítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹnì kan á máa sá, àwọn yòókù á wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn, wọn á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ògùṣọ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, iná orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kú. Ṣùgbọ́n kìlómítà tó kẹ́yìn, láti orí afárá dé ojúbọ abúlé, kò sí gbà-mí-ràn-mí níbẹ̀. Òkè ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá gbà á lórí afárá ló máa gbé e wọlé.

Bàbá Sadu ló ni kìlómítà yẹn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Sadu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe é fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láìdúró rí. Ní ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n, nígbà tó dé iwájú ilé ìlọgi, orúnkún òsì rẹ̀ há bí ìlẹ̀kùn tí òjò ti wú. Ó dúró. Vikrant, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gba ògùṣọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wọlé. Ẹnikẹ́ni kò fi Sadu rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú bí ẹni tí màlúù rẹ̀ kú.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, Vikrant wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti àgbọ̀nrín. Kaka, ìyẹn àbúrò bàbá, ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ yòókù ń pe Sadu.

"Kaka, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ṣé ṣòkòtò lo fẹ́ rán ni, àbí ẹjọ́ lo wá rò?"

"Ẹjọ́ ni, Kaka. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí n wá bá yín sọ ọ́. Lọ́dún yìí, ẹ̀yin náà lẹ ni kìlómítà yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún dúró lójú ọ̀nà, ẹlòmíì ló máa máa gbé e láti ọdún tó ń bọ̀ lọ."

"Ta ni ẹlòmíì yẹn?"

Vikrant wolẹ̀. "Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ó kéré tán, o ò purọ́ fún mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí ọdún dé. Ní ìrònú Sadu, ẹni tó fẹ́ sáré kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa sáré lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá kìlómítà mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń di ògiri mú kó tó lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wọ ilé ìdáná.

"Bàbá Rekha," ni Paru ìyàwó rẹ̀ wí, "tí ẹ bá fẹ́ di arọ, ẹ sọ fún mi kí n tètè wá igi tí ẹ máa fi máa tilẹ̀."

"Ara ló ń le. Tó bá yá, á rọ̀."

"Ara kọ́ ló le. Orí ni. Ẹ dìde, a ń lọ rí Vastad."

Vastad ni gbogbo Borgav ń pe Shelar, ọ̀gá ilé ìjàkadì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọrùn rẹ̀ ṣì ki bí ìtì igi. Kò wo orúnkún Sadu rárá. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró. Sadu dúró gbọn-in. Ó ní kó fi ti òsì dúró. Sadu ṣubú lu ògiri bí àpò ìyẹ̀fun.

"Ẹsẹ̀ wo lo fi ń tẹ maṣíìnì?"

"Ọ̀tún."

"Ọdún méjìlélógójì lo fi fún ẹsẹ̀ ọ̀tún níṣẹ́, o wá fi ẹsẹ̀ òsì ṣe àlejò. Orúnkún rẹ ò jẹ̀bi. Ìbàdí rẹ ló ya ọ̀lẹ, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń sáré lọ́sẹ̀?"

"Ojoojúmọ́."

"Ìgbà wo lo wá ń sinmi?"

"Tí mo bá ń ránṣọ."

Vastad wo Paru. Paru wo òrùlé.

Báyìí ni Vastad ṣe pín ọ̀sẹ̀ fún un, bí ẹni ń pín iṣu fún ọmọ. Ọjọ́ Ajé, kó sáré díẹ̀, eré tó lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀, kó sá gun òkè. Ọjọ́ Àìkú, kó sá eré gígùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó parí. Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, kó wá wa ilẹ̀ ìjàkadì, kó sì ṣe ìjókòó-dìde ọgọ́rin. Ọjọ́ Ẹtì, kó lúwẹ̀ẹ́ nínú kànga ńlá oko Shelar. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó má ṣe nǹkan kan.

"Vastad, ẹ dákun, eré ni mo fẹ́ sá. N kò wá gba iṣẹ́ oko."

"Ilẹ̀ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tó gọ̀ jù ọ́ lọ di ènìyàn. Gbé ọkọ́. Owó mi ni ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, fún ilẹ̀ ni, kì í ṣe fún mi."

Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ìjàkadì, wọ́n ti fi omi wàrà kíkan, òróró, ata ilẹ̀ pupa àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, ó sì ń rùn bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí. Ẹni tó bá ń wà á gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀, kó lóṣòó dé ìdajì, kó fa erùpẹ̀ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá sẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sadu wa ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó jókòó.

"Kaka, ìrèké lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni?" ni ọ̀kan nínú àwọn oníjàkadì bi í.

"Ìwọ ni mo fẹ́ gbìn. Mo ń wá ibi tó máa gba orí rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì fún un lómi. Vastad kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òfin kan kún un: láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ òsì ni kí Sadu máa fi tẹ maṣíìnì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò sí ojú ìrán kan tó gún. Ọlọ́pàá kan gba ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ ní ìka méjì, ó sì dá a padà.

Ṣùgbọ́n ara ń gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Sadu ń wa gbogbo ilẹ̀ náà láìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró títí Vastad fi mu tíì tán. Eré ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ti ń fojú kéré wá ń dùn mọ́ ọn, torí pé ó ń dé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ara tó ti sinmi. Paru náà rí i. "Ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn bí ọkọ ìyàwó," ló wí.

Ìgbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni orúnkún tún wú. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Sadu gbé ọkọ́, kò lè lóṣòó.

Vastad fi ìka kà á fún un. "Ajé ńkọ́?"

"Eré díẹ̀."

"Ìṣẹ́gun?"

"Mo sinmi."

Paru ló gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wá láàárọ̀ yẹn. Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀. "Vastad, ẹ bi í bóyá orí bẹ́ẹ̀dì ló ti sinmi tàbí orí òkè."

Ọ̀rọ̀ tú síta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ Ìyá. Sadu ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á rìn lọ sí ojúbọ kékeré tó wà lórí òkè lẹ́yìn oko ìrèké ní Ìṣẹ́gun mẹ́sàn-án, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ààwẹ̀. Kìlómítà méje ní àlọ, àtẹ̀gùn òkúta igba, kìlómítà méje ní àbọ̀. Ó ti ṣe mẹ́fà.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ìdárayá nìyẹn, Vastad. Ẹ̀sìn ni! Mi ò kà á mọ́ ọn."

"Kí lo lọ tọrọ lọ́wọ́ Ìyá?"

Sadu fi ohùn kékeré dáhùn. "Orúnkún."

Ẹ̀rín pa Vastad títí ó fi ń wúkọ́. "O gbé orúnkún lọ kí Ìyá wò ó sàn, o wá fi orúnkún yẹn náà gun àtẹ̀gùn igba! Sadu, orúnkún ò mọ ẹ̀sìn. Ohun tó bá gbé ló ń kà."

Sadu kò rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ta ló kù. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Tí mo bá dá a dúró, ojú wo ni mo máa fi gbé ògùṣọ̀ Ìyá? Tí mo bá sì ṣe é, ẹsẹ̀ wo ni mo máa fi gbé e?"

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kéré. Paru ló wọ bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn lọ bá ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ojúbọ orí òkè, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìdín ìtìjú ọkọ rẹ̀ kù. Ìyá arúgbó bi í bóyá ère Maruti, òrìṣà àwọn oníjàkadì, wà nínú ilé ìjàkadì náà. Paru ní ó wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi òróró pa á. "Òógùn ló ṣèlérí fún Ìyá," ni ìyá náà wí. "Kó wa ilẹ̀ níwájú Maruti ní Ìṣẹ́gun mẹ́ta, kó gbààwẹ̀ rẹ̀, kó wá fi erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Nínú bọ́ọ̀sì o! Kó má gbé e wá fúnra rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tún ọ̀sẹ̀ pín. Ilẹ̀ wíwà bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ìsinmi bọ́ sí Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ ni Vastad fi gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kànga àti ilẹ̀ Ìṣẹ́gun nìkan ló kù fún un. Sadu á de agbè gbígbẹ méjì mọ́ ẹ̀yìn, á máa yí po nínú omi bí ọ̀pọ̀lọ́, orúnkún kò sì gbé nǹkan kan. Wíwú náà lọ sílẹ̀. Eré méjì kúkúrú péré ló sá lẹ́yìn ìyẹn.

"Vastad, mi ò sáré tó."

"Ìwọ lo jẹ orúnkún rẹ ní gbèsè ìsinmi, má bínú sí mi. Lọ sùn."

Àárọ̀ ọjọ́ ọdún, òjò ìkẹyìn ń rọ̀ wínníwínní. Sadu dúró lórí afárá, ó wọ ṣòkòtò funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ọ̀dà tútù. Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù kó tó rí iná. Vikrant ló gbé e dé, òógùn bò ó.

"Kaka, ẹ má kánjú o. Mo wà lẹ́yìn yín."

"Jìnnà díẹ̀. Èémí rẹ ń gbóná sí mi lọ́rùn."

Ó gba ògùṣọ̀, ó gun òkè lọ. Eré tó ń sá kì í ṣe eré tí ènìyàn lè fi yangàn. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ìbàdí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ṣì ń fa erùpẹ̀. Ẹrẹ̀ ti ya bo ojú ọ̀nà níbi àwọn ilé ẹlẹ́ran, ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń da ẹfọ̀n méjì ti kọjá lára rẹ̀.

"Kaka, àwa ti ń lọ o! Ká bá yín gba àyè sílẹ̀?"

Kò lè dá a lóhùn. Èémí rẹ̀ níye, kò sì ní èyí tó máa fi tọrẹ. Ó rí ilé ìlọgi lókè, ibi tó ti dúró lọ́dún tó kọjá. Orúnkún náà sọ̀rọ̀, ó ta á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ariwo inú ọkọ̀ dákẹ́, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ó gbọ́ tí ẹnì kan fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹrẹ̀. Vikrant ni.

Sadu tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀. Ìbàdí gbà á. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbà á. Iwájú ilé ìlọgi kọjá.

"Ìyá o!" ni Vikrant pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì la bí ti ọmọdé. Gbogbo ọkọ̀ gbà á.

Ìṣẹ́jú méjìlá ni kìlómítà yẹn gbà á. Ọ̀dọ́ a máa sá a ní márùn-ún. Àwọn tó ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ ti kọ orin wọn tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti ń wá òmíràn, kí iná tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ó gbé e wọlé, iná náà ń jó, wọ́n fi tan fìtílà Ìyá.

Paru wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò idẹ. Ó da omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ.

"Mo gbé omi yìí dúró títí ọwọ́ mi fi kú," ló wí. "Ṣé ẹ yà kí àwọn ará ni?"

"Mi ò yà síbì kankan. Mi ò dúró, Paru."

"Mo rí i." Ó tún bu omi, ojú rẹ̀ náà sì ti tutù.

Vikrant mú ìwé ẹgbẹ́ jáde, ó nu òjò orí rẹ̀. "Kaka, orúkọ ta ni kí n kọ sí kìlómítà tó kẹ́yìn fún ọdún tó ń bọ̀?"

Sadu mí kó tó fèsì. "Tèmi. Àdéhùn wa ò yí padà: tí mo bá dúró, gbà á, má bẹ̀ mí, má kí mi kú ìrọ́jú." Ó wo itan ọmọkùnrin náà tó ń gbọ̀n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kìlómítà. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń sáré lọ́sẹ̀?"

"Ojoojúmọ́, sà."

"Wá sí ilé ìjàkadì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání."